Kí O Tó Lé Kúdí Kúrò Nídìí Gáàsì

Ayọ̀bọ̀,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Ásárì.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ pé orúnkún òun ti fúyẹ́ díẹ̀, kí o má bàa rò pé ìròyìn àìsàn ni mo ń kọ. Èmi ní tèmi, ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oògùn ń wò. Ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń bá yí láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ló tún gba ọ̀dọ̀ rẹ yọ sí mi lónìí, ó wá dà bí ẹni pé mi ò tíì fẹ̀yìn tì.

Mo ti pè ọ́ lórí fóònù kí n tó mú bírò. O mọ bí a ṣe máa ń ṣe é. Mo ní, "Àjọkẹ́," o ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo ń bọ̀, wọ́n ń pè mí," mi ò sì gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Lẹ́tà kì í jẹ́ kéèyàn já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Jókòó, kí o kà á tán, kí o tó pe Kúdí wọlé láàárọ̀ ọ̀la láti fún un níwèé pé kó máa lọ sílé.

Bàbá Múfú, àgbà ibi iṣẹ́ rẹ níbi tí ẹ ti ń ta gáàsì, ló wá bá wa lọ́sàn-án yìí. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti Ìgándò wá, o sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ńṣe ló di ìbàdí mú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Mo rò pé ẹjọ́ ló wá fi sùn. Ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀. Ó ní kí n bá òun bẹ Mádáàmù kó má lé Kúdí, ọmọbìnrin tó ń dúró ti fáàfù. Àjọkẹ́, ọkùnrin tó tó bí ọ ń pè ọ́ ní Mádáàmù níwájú mi, mi ò mọ ojú tí mo fẹ́ fi wò ó. Ìyá rẹ gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ, ó sì ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì níta báyìí. Òun ni yóò mú lẹ́tà yìí bọ̀.

O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó bí òun ṣe sọ ọ́, torí ó dá mi lójú pé wọn ò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Táǹkà gbé gáàsì wá. Bàbá Múfú wà nídìí rọ́bà tó so táǹkà mọ́ àgbá ńlá inú ọgbà yín, Kúdí sì wà lápá kejì, nídìí fáàfù tí wọ́n fi ń ṣí gáàsì tí wọ́n fi ń tì í. Nígbà tó tó, Bàbá ní kó tì í. Ariwo ẹ́ńjìnnì táǹkà pọ̀, Kúdí kò gbọ́. Bàbá náà kò gbọ́ kó dáhùn, ó gbà pé ó ti tì í, ló bá tú rọ́bà. Gáàsì tú jáde, ó bò ó lọ́wọ́, òtútù rẹ̀ sì bó o láwọ bí omi gbígbóná. Ọlọ́run ló bá yín ṣe é tí kò sí iná nítòsí. Àwọn ará àdúgbò sá títí dé ojú títì.

Mo ti gbọ́ ẹjọ́ tìrẹ náà lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. O ní ìwọ lo rán Kúdí lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ n'Íkẹjà, níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn pé ẹni tó wà nídìí fáàfù gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nídìí rọ́bà sọ sókè, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan nǹkan. Ó gba ìwé-ẹ̀rí bọ̀, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. O ní alágídí ni, kó máa lọ.

Àjọkẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo bi Bàbá Múfú pé, "Ṣé ọmọ náà lágídí ni?"

Ó ní, "Kúdí kẹ̀? Ọmọ jẹ́jẹ́ ni jàre. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe àfojúdi sí mi, mo bá a wí, ó sì gbọ́."

Mo ní ìgbà wo nìyẹn.

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n dé láti tréníìn yẹn ni ṣá. Mo ní, 'Ṣí i,' òun náà ní, 'Ṣí i.' Mo ní, 'Tì í,' òun náà ní, 'Tì í.' Mo wá bi í pé àbí èmi lò ń sín jẹ? Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Odídẹ. Bó ṣe jáwọ́ ńbẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni, Alàájì, ẹ bá mi sọ fún Mádáàmù."

Tìdùnnú tìdùnnú ló fi ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń yin ọmọ ara rẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n di ní báńdéèjì yẹn ló sì fi ń júwe fún mi. Ọwọ́ náà ni mò ń wò.

Ó tún sọ ohun kan tí ì bá wù mí kí n má gbọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pe ọmọ náà ní Odídẹ, Mádáàmù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, Mádáàmù náà rẹ́rìn-ín. Mi ò ní kí o ṣàlàyé fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀gá kì í ṣe ẹ̀rín lásán létí ọmọ iṣẹ́. Bí ìwọ tó rán an lọ kọ́ ọ bá fi í rẹ́rìn-ín, ta ni yóò tún máa ṣe é fún?

Ìmọ̀ràn mi rèé. Mo fẹ́ kà á ní ení, èjì, bí àwọn bàbá ṣe máa ń ṣe, àmọ́ bó bá pẹ́, màá gbàgbé ibi tí mo kà á dé. Má bínú sí i.

Èkíní, máa ránṣẹ́ sí àgbà kí o tó rán ọmọdé lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ kò tíì délé ayé nígbà tí wọ́n rán mi lọ kọ́ṣẹ́ láti ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Nídìí iná ìléru ni mo wà, níbi tí a ti ń ti abọ́ tí a ti rì sínú ọ̀dà bọ iná. Wọ́n kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń to abọ́ kí iná má bàa jó apá kan ju èkejì lọ. Mo padà dé pẹ̀lú kóòtù funfun. Fọ́máànì wa, àgbàlagbà tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, ń to abọ́ lọ́wọ́. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mo ní, "Ọ̀gá, bí ẹ ṣe ń tò ó yẹn ò dáa." Kò bú mi. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó ní kí n lọ mú ìgbálẹ̀. Mo gbálẹ̀ títí tí kóòtù náà fi di aláwọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dá mi padà sídìí iná, bí fọ́máànì ṣe ń to abọ́ ni èmi náà ń tò ó, abọ́ sì ń jóná lọ.

Ìgbà náà, mo gbà pé ìkà ni. Bí mo ṣe dàgbà ni mo rí i pé kò sẹ́ni tó sọ fún ọkùnrin náà pé n óò kọ́ nǹkan tuntun bọ̀. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, ó kàn rí i lọ́jọ́ kan pé mo dé láti wá kọ́ òun. Ta ni yóò gba ìyẹn? Ká ní wọ́n pè é, ká ní wọ́n sọ pé, "Bàbá, ohun tí ọmọ yìí ń lọ kọ́ rèé, ọwọ́ yín ni yóò fi lé tó bá dé," bóyá òun gan-an ni yóò máa ṣọ́ mi pé kí n ṣe é.

Ó wá ku ìbéèrè kan tí mo fẹ́ bi ọ́. Kí ló dé tí o kò rán Bàbá Múfú náà lọ? Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ wọn, Bàbá ò gbọ́ òyìnbó, Bàbá ti dàgbà, kó sinmi. O rò pé ọ̀wọ̀ lo bù fún un. Àmọ́ Bàbá tí o ní kó sinmi yìí náà lo tún fi sídìí rọ́bà lọ́jọ́ tí táǹkà dé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèǹgbè. O kọ́ ọwọ́ kan, o fi èkejì sílẹ̀, o wá ń bínú pé àwọn méjèèjì ò jọ gbẹ́rù. Bí òyìnbó bá le, Yorùbá ò le. Ìwọ tàbí Kúdí lè jókòó tì í lábẹ́ ibòji kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ibi kejì ni mo wà àbí ẹ̀kẹta? Kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀kọ́ tó bá dé láti ìta, fún un láyè kó jókòó. Nígbà tí èmi náà di fọ́máànì, mo rán àwọn kan lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ìléru wò kí wọ́n tó dáná. Wọ́n dé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ wọ̀ wá lọ́rùn. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe kọ́ wa." Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ ba ọjà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni, kí wọ́n dáná jàre. Wọ́n dáná. Lọ́jọ́ kejì wọn ò béèrè mọ́. Kí oṣù tó parí, mo pè wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí bú wọn pé owó iléeṣẹ́ ṣòfò lórí wọn. Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó rọra ní, "Ọ̀gá, ẹ ò jẹ́ ká ṣe é." Mo bínú sí i fún ìgbà pípẹ́, nítorí òótọ́ ló sọ.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò lè kó gbogbo rẹ̀ wọ ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí oníbàárà tò dé géètì. Mú ẹyọ kan nínú ohun tí wọ́n kọ́. Wá ọjọ́ tí ọjà dá, tí kò sí táǹkà, kí wọ́n so rọ́bà òfìfo, kí wọ́n máa pe ara wọn, kí wọ́n máa dá ara wọn lóhùn, títí ẹnu yóò fi mọ́ ọn. Kí ìwọ náà dúró níbẹ̀. Má jókòó sí ọ́fíìsì kí o máa béèrè pé ṣé wọ́n ti ṣe é. Ohun tí ojú ọ̀gá bá ń wò ni ọmọ iṣẹ́ ń tọ́jú. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọ́ jẹ ọ̀gá níbẹ̀, iye sìlíńdà tó ń jáde ni ojú rẹ ń wò, òun náà ni wọ́n ń tọ́jú fún ọ.

Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ní kí ni mò ń kọ tó gùn tó báyìí. Mo kà díẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ, ṣé ẹ ti gbàgbé bí mo ṣe ń rán Àjọkẹ́ níṣẹ́ nígbà tí à ń gbé ní Pleasure ni?" Ló bá tún rìn lọ. Mo sì jókòó, mo rántí.

Ìwọ náà rántí. Ilé oníyàrá kan tí a gbé nígbà náà, tí ìyá rẹ máa ń rán ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Kò jẹ́ kí o kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn rí láì bi ọ́ pé, "Kí ni mo ní kí o rà?" O ó dúró, o ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, o ó ní, "Ẹ ní kí n ra iyọ̀, ẹ ní kí n ra kẹrosín-ìn, ẹ ní bí kẹrosín-ìn bá lómi kí n má gbà á." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lo ń tún sọ fún un yẹn. Kò sọ rí pé o ń sín òun jẹ. Kí ló dé? Òun tó rán ọ níṣẹ́ ló béèrè. Bí àgbà bá béèrè tí ọmọdé sì dáhùn, iṣẹ́ ló ń jẹ́ fún un. Bí ọmọdé bá ṣàdédé ń tún ọ̀rọ̀ àgbà sọ, tí ẹnikẹ́ni kò bi í, ẹ̀sín ni. Kò sí ilé Yorùbá tí wọn ò ti mọ èyí. Àwọn tó kọ́ Kúdí n'Íkẹjà ni wọn ò rántí, ìwọ náà ò sì rán wọn létí.

Nítorí náà, má ṣe gbé e lé Kúdí lọ́wọ́. Gbé e lé Bàbá Múfú lọ́wọ́. Bó bá ti ní, "Tì í," kí òun fúnra rẹ̀ bi í pé, "Kí ni mo wí?" Kí Kúdí ní, "Ẹ ní kí n tì í, mo ti tì í." Kí Bàbá má fọwọ́ kan rọ́bà títí yóò fi gbọ́ ọ. Bí ẹ́ńjìnnì táǹkà bá ń pariwo, kí wọ́n pa á kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ láti Ìkẹjà yìí, ìwọ ni kí o fi tọmọ jẹ́ ẹ fún àwọn èèyàn rẹ.

Ìmọ̀ràn mi tó kù ni ti Kúdí fúnra rẹ̀. Bí o bá lé e, mo mọ ohun tí àwọn tó kù máa kọ́ níbẹ̀. Wọ́n á kọ́ pé ẹni tó bá lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń lé. Bí o bá tún dárúkọ ẹlòmíì lọ́la, yóò ní ìyàwó òun ń ṣàìsàn. Àgbà tí kì í bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Kì í ṣe pé kí o má bínú láé. Bá wọn wí, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó ń pè é ní Odídẹ. Kí orúkọ yẹn kú nínú ọgbà náà lọ́la. Àmọ́ ro ohun kan tí Bàbá Múfú sọ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. Nígbà tí gáàsì tú, tí gbogbo èèyàn ń sá lọ, Kúdí kò kúrò nídìí fáàfù, ó sì tì í. Ọmọ tó lè ṣe ìyẹn, tí kò wá lè tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ fún àgbà, ẹ̀rù wa ló ń bà á ju ẹ̀rù iná lọ. Àwa la tọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ó sì dùn mí.

Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí i kí n gbé bírò sílẹ̀, ni Bàbá Múfú jí. Mo ká lẹ́tà náà dáadáa, mo gbé e fún un. Mo wá ní, "Bàbá Múfú, ẹ bá mi sọ fún Àjọkẹ́ pé kó má pe Kúdí wọlé títí yóò fi ka lẹ́tà yìí tán, àti pé tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀." Ó ní kò burú, ó fẹ́ dìde. Mo ní, "Kí ni mo ní kí ẹ sọ?"

Ó ní, "Ẹ ní kí n sọ fún Mádáàmù pé kó má pe Kúdí wọlé títí yóò fi ka lẹ́tà tán. Ẹ ní tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí èmi náà wà níbẹ̀."

Mo ní, "Àbí èmi lẹ ń sín jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé òpin. Ó wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀, ó tún jókòó padà sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Alàájì, ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe fún mi nìyẹn?"

Mo ní òun ni.

Ó ní, "Èmi ni mo ní kó dákẹ́."

Mo gba lẹ́tà náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n lè kọ èyí tó kù yìí sí i. Ó ti dúró lẹ́nu géètì báyìí, ó ní kí n ṣe kíá, pé òun fẹ́ kọ́kọ́ yà nílé Kúdí kí òun tó délé. Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ láàárọ̀, bi í pé kí ni bàbá rẹ wí. Bó bá dáhùn, dúró gbọ́ ọ, má ní wọ́n ń pè ọ́.

Ó ti rẹ̀ mí, Àjọkẹ́. Kí Ọlọ́run má fi àwọn tó ń dákẹ́ yí ọ ká.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràímì.